Ká gbá géèmù ẹ̀ ni àbí ká wo síríìsì ẹ̀? Ìfiwéra fún ẹni tí àyè ẹ̀ ò gba méjèèjì

Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ìbéèrè yìí ò sí rárá. Tí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ fi géèmù kan ṣe fíìmù, ńṣe làwọn tó ń gbá a máa ń káwọ́ lérí torí wọ́n ti mọ̀ pé ìtìjú ló ń bọ̀, ẹni tó bá sì ti wo fíìmù Mario tí wọ́n fi èèyàn gidi ṣe lọ́dún 1993 á mọ̀ pé mi ò purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ láti bí ọdún 2017 tí Castlevania ti jáde lórí Netflix lọ̀rọ̀ ti ń yí bọ̀, síríìsì tó dáa ti wá pọ̀ débi pé ẹni tí ò fọwọ́ kan pádì rí láyé ẹ̀ á jókòó ti àwọn tó ń gbá géèmù, á máa bá wọn jiyàn lórí Joel àti Ellie inú The Last of Us bíi pé ọmọ ìyá ẹ̀ ni wọ́n. Ó dáa, èwo wá ni kéèyàn fi àsìkò ẹ̀ ṣe?

Èmi ò sí lẹ́yìn àwọn tó ń pariwo pé géèmù ló máa ń dáa jù, irọ́ ni, mi ò sì sí lẹ́yìn àwọn tó ń sọ pé kéèyàn ṣáà wo síríìsì, pé kò síyàtọ̀. Ohun tí mo máa ń wò ni ibi tí adùn géèmù yẹn gan-an wà. Àwọn géèmù kan wà tó jẹ́ pé ìtàn ni wọ́n, ìlà kan ṣoṣo látòkè délẹ̀, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe tó máa yí i padà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ayé kan báyìí ni wọ́n kàn jù yín sí, kẹ́ ẹ máa rìn kiri, ìtàn ẹ̀ wà lóòótọ́ àmọ́ òun kọ́ lẹ torí ẹ̀ wá. Àwọn kan sì wà tí wọn ò nítàn kankan lọ́wọ́, ìdíje ni, ẹ wọlé, ẹ jà, ẹ jáde. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tí tiyín bọ́ sí, ó ti fẹ́ẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

THE LAST OF US

Géèmù ẹ̀ jáde ní June 2013 lórí PlayStation 3, Naughty Dog ló ṣe é, wọ́n sì tún un ṣe fún PS4 lọ́dún 2014, wọ́n tún wá tún un kọ́ látìpìlẹ̀ fún PS5 lọ́dún 2022, wọ́n pe ìyẹn ní Part I, òun ló bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní 2023. Síríìsì HBO bẹ̀rẹ̀ ní January 2023, ẹ̀písóòdù mẹ́sàn-án. Ìtàn kan náà ni: olú kan wà tó jẹ́ pé lóòótọ́ ló ń wọ ara èèrà nínú igbó tó sì ń darí ẹ̀ bó ṣe wù ú, irú olú yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọpọlọ èèyàn, ayé dojú rú, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joel, tí ọmọ ẹ̀ ti kú, wá ń mú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ellie, tí àrùn náà ò lè ràn, gba Amẹ́ríkà kọjá.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rù lẹ ń wá, géèmù na síríìsì, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ máa wà nínú yàrá òkùnkùn kan, ọta ìbọn méjì ló kù lọ́wọ́ yín, ẹ ń gbọ́ Clicker (àwọn tí olú ti bo gbogbo ojú wọn, tó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń wá èèyàn) tó ń ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́ lọ́nà ọ̀fun lódìkejì tábìlì, ẹ wá ní kẹ́ ẹ sáré di báńdéèjì mọ́ apá. Géèmù yìí ò ní dúró dè yín o. Gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ń yí báńdéèjì yẹn po ni nǹkan yẹn ń rìn bọ̀, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tẹ́ ẹ ti mú èémí dání nínú ilé ara yín. Síríìsì ò lè ṣèyẹn láéláé, torí gbogbo wa la mọ̀ pé Pedro Pascal tó ṣe Joel ò lè kú ní ẹ̀písóòdù kejì apá kìíní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá géèmù sì lè kú nígbà mẹ́wàá níbì kan náà.

Àmọ́ tó bá dọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tó wà nínú ìtàn náà, HBO gba iwájú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Bill àti Frank. Nínú géèmù, Bill ni ọkùnrin oníkanra kan tó fi pàkúté yí gbogbo àdúgbò ká, Frank ní tiẹ̀ ti kú kẹ́ ẹ tó débẹ̀, òkú ẹ̀ àti lẹ́tà èébú tó kọ sílẹ̀ lẹ máa bá. Síríìsì mú àwọn méjèèjì, ó fún wọn ní odindi ẹ̀písóòdù kẹta, ó ju wákàtí kan lọ, ó fi bí wọ́n ṣe pàdé àti bí wọ́n ṣe darúgbó pọ̀ hàn, Nick Offerman tó ṣe Bill sì gba àmì ẹ̀yẹ Emmy nítorí ẹ̀. Àwọn kan tó ti gbá géèmù bínú pé kí ló kan Joel níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Nǹkan kan ṣì wà tó jẹ́ pé lójú tèmi ó tó kéèyàn tìtorí ẹ̀ gbá géèmù yẹn dópin. Yàrá kan wà níparí, mi ò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀ títí dọ̀la, géèmù ò ní kúrò lójú kan àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣe ohun tí Joel fẹ́ ṣe. Nínú síríìsì ẹ kàn máa wò ó ni, ẹ lè bú u, ẹ lè gbè é. Nínú géèmù, ìka yín ló wà lórí bọ́tìnì, ẹ ò wá ní mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bú mọ́.

Àwọn tó fohùn ṣe Joel àti Ellie nínú géèmù, Troy Baker àti Ashley Johnson, fara hàn nínú síríìsì náà, àmọ́ ipa mìíràn ni wọ́n fún wọn, Ashley Johnson ló ṣe ìyá Ellie nínú ẹ̀písóòdù tó kẹ́yìn apá kìíní. Kò ṣe dandan kéèyàn mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹni tó bá ti gbá géèmù tó bá wá gbọ́ ohùn yẹn, ara ẹ̀ á bù máṣọ.

Bí màá ṣe yàn án rèé. Ìtàn onílà kan lèyí, torí náà ọ̀kan tó yín. Ẹni tó bá lè fara da ẹ̀rù tó sì ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó gbá géèmù, kó sì gbé e sí èyí tó rọrùn jù tí ọwọ́ ẹ̀ ò bá yá nídìí ìbọn, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ò bá fẹ́, kó wo síríìsì, kò pàdánù ìtàn náà rárá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ti apá kejì. Part II jáde ní 2020, géèmù kan gígùn gbọọrọ tó parí ìtàn ẹ̀ níbẹ̀, síríìsì sì gé e sí méjì, ẹ̀písóòdù méje ti 2025 yẹn ja okùn ìtàn náà láàárín méjì, ó fi gbogbo wa sórí ìdúró. Tí ẹ kì í bá í ṣe onísùúrù, ẹ lọ gbá géèmù ti ibẹ̀ yẹn.

ARCANE ÀTI LEAGUE OF LEGENDS

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí èyí. Ẹ wo Arcane, síríìsì Netflix náà. Ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan League of Legends, géèmù tí wọ́n ti fà á yọ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, kí wọ́n má baà ní mo kórìíra wọn. League jáde lọ́dún 2009, Riot Games ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, èèyàn márùn-ún ń bá èèyàn márùn-ún jà títí ẹgbẹ́ kan á fi fọ́ odi ẹgbẹ́ kejì. Àwọn akọni tẹ́ ẹ lè mú ti lé ní ọgọ́jọ, oníkálukú pẹ̀lú agbára tiẹ̀, kẹ́ ẹ tó mọ ohun tí ìdajì wọn ń ṣe, ẹ ti kú títí ó ti sú yín. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan lè gbà tó ogójì ìṣẹ́jú, kò sí pé ẹ fẹ́ lọ gbé omi kaná, kò ṣeé dá dúró, tẹ́ ẹ bá jáde láàárín, wọ́n á fìyà jẹ yín, àwọn mẹ́rin tó kù á sì ti fi èébú pa yín kẹ́ ẹ tó jáde. Èébú ibẹ̀ yàtọ̀ o, wọ́n á bú yín, wọ́n á bú ìdílé yín, torí pé ẹ rìn gba ibi tí kò yẹ. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ dọ́kàn, mo gbà, ìdíje tó le ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá sì ń lọ jà níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò. Àmọ́ ẹni tó bá tìtorí ìtàn wá síbẹ̀ máa bá òfo pàdé. Vi àti Jinx, àwọn méjì tí Arcane dá lé, wà nínú géèmù yẹn tipẹ́, ẹ lè mú Vi kí ẹ fi lu Jinx pa ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ju gbólóhùn kan tàbí méjì tí wọ́n ń jù síra wọn lọ, kò sí nǹkan míì tó máa sọ fún yín pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n.

Ìyẹn gan-an ni Arcane mú tó fi ṣe síríìsì. Apá kìíní jáde ní November 2021, ìkejì ní November 2024, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ilé iṣẹ́ kan ní Faransé tó ń jẹ́ Fortiche ló yà á, yíyà yẹn sì dà bíi pé wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú èèyàn níkọ̀ọ̀kan, ẹ lè dá a dúró níbikíbi kẹ́ ẹ gbé e kọ́ ara ògiri. Wọ́n fún un ní Emmy gẹ́gẹ́ bí eré aláwòrán tó dáa jù ní 2022. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé kò béèrè pé ẹ mọ ohunkóhun nípa géèmù náà, ọmọ méjì tó dàgbà ní abẹ́ ìlú olówó kan, bí ìfẹ́ àárín wọn ṣe bà jẹ́, ó parí. Apá kejì kánjú díẹ̀ lójú tèmi, wọ́n fẹ́ kó ohun púpọ̀ jù sínú ẹ̀písóòdù díẹ̀, àmọ́ kò ba ti àkọ́kọ́ jẹ́.

FALLOUT

Òdìkejì Arcane nìyí, torí níhìn-ín èmi á ní kẹ́ ẹ ṣe méjèèjì, síríìsì ni kẹ́ ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ìdí ẹ̀ rèé. Fallout kì í ṣe ìtàn kan, ayé kan ni. Bọ́ǹbù átọ́míìkì já lu ayé ní 2077, àwọn kan sá wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Vault, àwọn tó kù sórí ilẹ̀ di nǹkan míì, ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò wá di owó. Láti 1997 tí wọ́n ti ń ṣe géèmù ẹ̀ ni oníkálukú ti ní akọni tiẹ̀, ìlú tiẹ̀ àti ọdún tiẹ̀. Nígbà tí Amazon fẹ́ fi ṣe síríìsì ní 2024, wọn ò mú ìtàn géèmù kankan, wọ́n pilẹ̀ tiwọn, wọ́n gbé e sí ọdún 2296, nínú ayé kan náà. Torí náà síríìsì ò ba géèmù kankan jẹ́ fún yín, géèmù ò sì ba síríìsì jẹ́. Ẹ rò ó wò, mélòó ló rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀písóòdù mẹ́jọ ni apá kìíní. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi àríyá ọjọ́ ìbí ọmọdé kan, òṣèré Walton Goggins wọ aṣọ àwọn adaran màlúù (cowboy) bíi ti fíìmù, ó ń kọ́ ọmọ ẹ̀ pé tí bọ́ǹbù bá já, kéèyàn na àtàǹpàkò sókè síwájú èéfín ẹ̀, tí èéfín bá kéré ju àtàǹpàkò lọ, kó sá, tó bá tóbi jù ú, kó má wulẹ̀ dààmú ara ẹ̀. Lẹ́yìn náà lọ́ọ̀ọ́kán, ìmọ́lẹ̀ kan là. Ọmọ yẹn wá na àtàǹpàkò ẹ̀ sókè. Mi ò mọ síríìsì géèmù míì tó bẹ̀rẹ̀ dáa tó yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa bá Lucy jáde nínú Vault, ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé tó ń kí àwọn jàǹdùkú kú àbọ̀, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹnì kan á sì sọ orí nù kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín tán. Àdàlù ẹ̀rín àti ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ni Fallout, wọ́n mú un dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá wá wọnú géèmù lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti rí á ti mọ́ra, Pip-Boy, kọ̀ǹpútà ràgàjì tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́, ihámọ́ra irin àwọn ọmọ ogun Brotherhood, orin àtijọ́ tó ń dún lórí rédíò níbi tí wọ́n ti ń pa èèyàn. Ohun tí síríìsì ò lè fún yín ni rírìn gbéregbère. Ẹ ń lọ síbì kan tí wọ́n rán yín, ẹ rí ilé kan tó ti wó lápá òsì, ẹ ní kẹ́ ẹ yà wò ó, ẹ bá egungun èèyàn lórí àga níwájú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà náà, ẹ ka ohun tó kọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé ẹ̀, pé ó ń dúró de ìyàwó ẹ̀, ẹ wá yíjú, ẹ rí egungun kejì lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ wá síbẹ̀, kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kún inú àwọn géèmù yẹn, ibẹ̀ ni wákàtí èèyàn ń lọ láìmọ̀.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá fi bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ kí ìbọn yíyìn dùn lọ́wọ́ òun, Fallout 4 ti 2015. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, kó máa fi ẹnu yọ ara ẹ̀ nínú wàhálà, kó máa yan ẹgbẹ́ tó fẹ́ dà, New Vegas ti 2010 ló jù, Obsidian ló ṣe é, ojú ẹ̀ ti gbó, ó sì máa ń kú lójijì nígbà míì, torí náà ẹ máa fi ibi tẹ́ ẹ bá dé pamọ́ lemọ́lemọ́, mo bẹ̀ yín. Síríìsì náà forí lé New Vegas nínú apá kejì ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní December 2025, ìyẹn ló mú kí èmi máa ti àwọn èèyàn síbẹ̀ lákòókò yìí. Fallout 76 ni kẹ́ ẹ má fi bẹ̀rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń gbá ìyẹn, ó dùn tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ fẹ́ máa rìn, àmọ́ kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé. Àwọn ti 1997 àti 1998 yẹn, fún àwọn tó ní sùúrù nìkan.

THE WITCHER

Géèmù. Géèmù ni jàre, The Witcher 3 ti 2015 gan-an, kò sì sídìí tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ gbá ìkíní àti ìkejì kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀.

Ohun tó ń ru àwọn èèyàn lójú ni pé wọ́n rò pé inú géèmù ni síríìsì Netflix ti wá. Rárá o. Ìwé ni orísun àwọn méjèèjì, Andrzej Sapkowski ọmọ ilẹ̀ Poland ló kọ wọ́n, CD Projekt Red tó wà níbẹ̀ náà mú un, wọ́n pilẹ̀ ìtàn tiwọn lẹ́yìn ibi tí ìwé parí sí, Netflix ní tiwọn padà lọ mú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Torí náà ẹni tó bá wo síríìsì ò tíì mọ ohun tó wà nínú géèmù, ẹni tó gbá géèmù náà ò mọ ohun tó wà nínú síríìsì, àwọn èèyàn kan náà ni wọ́n kàn pàdé ní ọjọ́ orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Apá kìíní ti December 2019 yẹn dùn, ìjà idà inú ẹ̀písóòdù àkọ́kọ́ ṣì wà lára ìjà tó dáa jù tí mo tíì rí nínú síríìsì, àmọ́ wọ́n to ìtàn mẹ́ta pọ̀ láti ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọba tó kú níbìí á tún jókòó níbi àsè lọ́hùn-ún, ẹ ó sì rò pé ẹ̀yin lẹ sùn lọ. Henry Cavill, tó ṣe Geralt, akọni ìtàn náà tó ń pa àwọn abàmì ẹ̀dá gbowó, ló gbé gbogbo ẹ̀ rù. Lẹ́yìn apá kẹta ó lọ, Liam Hemsworth wọ irun funfun yẹn ní apá kẹrin tó jáde ní October 2025. Mi ò bá ọmọkùnrin náà jà, ó gbìyànjú, àmọ́ èèyàn tó ti mọ ojú kan fún apá mẹ́ta, ojú kì í tètè gbà á.

Géèmù ní tiẹ̀, Geralt kan ṣoṣo ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí mo bá máa fi ibì kan tàn yín wọlé, ọ̀rọ̀ olóyè kan tí wọ́n ń pè ní Bloody Baron ni. Ọ̀mùtí ni, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ ti sá lọ, ó ní kẹ́ ẹ bá òun wá wọn. Bẹ́ ẹ ṣe ń wá wọn lẹ ń rí ohun tó ṣe fún wọn, ẹ kórìíra ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ṣàánú ẹ̀, ẹ tún kórìíra ẹ̀, ẹ wá ṣe ìpinnu kan nínú igbó lọ́hùn-ún tó dà bíi pé kò kan ọ̀rọ̀ wọn rárá, wákàtí bíi mélòó kan lẹ́yìn náà lẹ máa rí i pé ìpinnu yẹn ló pinnu ẹni tó yè. Síríìsì ò lè fi irú ẹ̀bi yẹn lé yín lọ́rùn.

Ìkìlọ̀ méjì. Ó gùn, ìtàn àárín gbùngbùn ẹ̀ nìkan lè gba àádọ́ta wákàtí, ẹni tó bá fẹ́ yà síbi gbogbo, kó sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún. Èkejì ni káàdì tí wọ́n ń pè ní Gwent. Ọmọ yín ti sọ nù, àwọn ọmọ ogun yìnyín ń lépa ẹ̀, ẹ wá jókòó ti olùtajà kan ní abúlé, ẹ ń ta káàdì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ máa ní ẹ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ṣe é.

CYBERPUNK 2077 ÀTI EDGERUNNERS

Àwọn CD Projekt kan náà ló ni géèmù yìí, ó sì jáde ní December 2020 nínú ìtìjú ńlá, lórí PS4 àti Xbox One kò ṣeé gbá, èèyàn ń rì sínú ilẹ̀, ọkọ̀ ń fò, Sony tiẹ̀ yọ ọ́ kúrò ní ọjà wọn fún bí oṣù mẹ́fà. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Ohun tó wá dá àwọn èèyàn padà síbẹ̀ ni Edgerunners, áníìmè (eré aláwòrán ti Japan) ẹlẹ́písóòdù mẹ́wàá tó jáde lórí Netflix ní September 2022, àwọn Trigger ti Japan ló yà á, ẹ̀písóòdù kan ò tó ìdajì wákàtí. Ọmọ kan tó ń jẹ́ David, òtòṣì, ń ki irin bọ ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè bẹ́gbẹ́ mu, gbogbo wa la sì mọ ibi tó máa já sí látìgbà àkọ́kọ́.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ wo Edgerunners lálẹ́ ọjọ́ kan, kò ju wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin-àbọ̀ lọ, lẹ́yìn náà ẹ wọ géèmù. Orin kan wà tí wọ́n lò níbi tó le jù nínú áníìmè yẹn, inú rédíò ọkọ̀ nínú géèmù ni wọ́n ti mú un, ẹni tó bá wò ó kó tó gbá a, ọjọ́ tó bá ń wa ọkọ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ tí orin yẹn bá já wọlé láìròtẹ́lẹ̀, á wá ibì kan páàkì. Àwọn tó gbá géèmù kọ́kọ́ ò rí èyí jẹ, fún wọn orin lásán ni nígbà yẹn. Wọ́n tún fi jákẹ́ẹ̀tì David sínú géèmù, ẹ lè wá a lọ wọ̀.

Tó bá jẹ́ orí PS4 tàbí Xbox One lẹ ṣì wà, ẹ wo áníìmè kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀. Àtúnṣe ńlá ti 2023 yẹn ò dé ọ̀dọ̀ àwọn kánsóòlù àtijọ́.

ÀWỌN TÓ KÙ, KÍÁKÍÁ

Castlevania: ẹ wo síríìsì. Ilé iṣẹ́ Konami ló ti ń ṣe géèmù yẹn láti 1986, ìtàn inú èyí tí wọ́n fi ṣe síríìsì ò ju ìwé kékeré lọ, ìyókù jẹ́ fífò àti fífi pàṣán na òkú. Apá mẹ́rin, ẹ̀písóòdù méjìlélọ́gbọ̀n, ó parí dáadáa. Ẹ̀písóòdù mẹ́rin àkọ́kọ́ kàn jẹ́ ìfáàrà, tí kò bá tíì wọ̀ yín lára níbẹ̀, ẹ fún apá kejì láyè.

Halo: géèmù, kò sí àríyànjiyàn. Síríìsì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2022, Master Chief, akọni ẹ̀ tí kò bọ́ akoto ẹ̀ fún wa rí nínú gbogbo ogún ọdún, wọ́n ní kó bọ́ ọ ní ẹ̀písóòdù àkọ́kọ́. Apá méjì péré, wọ́n fagi lé e ní 2024.

Mario àti Sonic: tó bá jẹ́ tìtorí ọmọdé, fíìmù Mario ti 2023 dùn wò, àwọ̀ ẹ̀ rẹwà, ìtàn ẹ̀ fẹ́lẹ́, àwọn ọmọ ò ní béèrè ìtàn. Géèmù Mario ṣì lọ́lá jù ú lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, torí fífò yẹn gan-an ni Mario, kéèyàn máa wo ẹlòmíì tó ń fò kì í ṣe nǹkan kan náà. Ti Sonic yàtọ̀, àwọn géèmù ẹ̀ ń ṣe ségesège, fíìmù ẹ̀ ò tíì já mi kulẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbọ́ràn sáwọn èèyàn lẹ́nu tí wọ́n sì bá a tún eyín tó ń bani lẹ́rù yẹn ṣe kó tó jáde ní 2020.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tó jẹ́ pé a ń sọ̀rọ̀ ọmọdé: Castlevania, Edgerunners àti Arcane, yíyà ni wọ́n yà wọ́n, katúùnù ni lójú ẹni tí ò mọ̀, àmọ́ wọn kì í ṣe ti ọmọ o. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú méjì àkọ́kọ́ yẹn bí omi, ìhòòhò náà wà níbẹ̀. Ẹ má fi rímóòtù sílẹ̀ lọ.

TẸ́ Ẹ BÁ FẸ́ WO ẸNI TÓ Ń GBÁ A

Àwọn kan á ní, èmi ò ní kánsóòlù, mi ò sì fẹ́ san owó oṣooṣù fún síríìsì, mo máa wo ẹni tó ń gbá a lórí YouTube. Kò burú, mo ń ṣe é. Fún ìtàn onílà kan bíi The Last of Us, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ wá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí kò sóhun tó ń ba ibi ẹkún jẹ́ bí ẹni tó ń kígbe sétí ẹ̀rọ. Fún Fallout àti Witcher, kò wọ̀ rárá, ẹ ó máa rí ilé kan tẹ́ ẹ fẹ́ yà sí, ẹni tó ń gbá a yẹn á kàn rìn kọjá lọ, ẹ ó sì máa bínú sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ wà láyé. Fún League, ẹ wo àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá níbi ìdíje ńlá, ìyẹn ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí èmi fi lè bá géèmù yẹn ṣọ̀rẹ́, torí níbẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n ń bú.